Bí Pàkúté Kòkòrò Àgbàdo Bá Ṣófo

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ẹdẹ, ẹ ti rí i rí. Ẹ kó àgbàdo sí àká, ó gbẹ dáadáa, ọkàn yín balẹ̀. Nígbà tí ẹ padà lọ wò ó, ìyẹ̀fun àti ṣùkù ni ẹ bá.

Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tó ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí jẹ́ àlejò. Ilẹ̀ Mexico àti agbègbè rẹ̀ ni ó ti wá. Ní ọdún 1984 ni wọ́n rí i ní Togo, lẹ́yìn náà ó dé Benin àti ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Ó kéré bí orí ìṣáná, ó dúdú, ó sì tẹ orí sísàlẹ̀. Nínú àká àwọn àgbẹ̀ Togo, ohun tó ń ṣòfò láàárín oṣù 6 tó nǹkan bí 30 nínú 100. Owó ilé ìwé ọmọ ni ó ń jẹ yẹn o!

Kì í ṣe inú àká nìkan ló ń gbé. Ó ń gbé inú igi gbígbẹ nínú igbó, láti ibẹ̀ ni ó ti ń fò wá bá wa.

Bí akọ rẹ̀ bá rí oúnjẹ, á tú òórùn kan jáde. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, akọ àti abo, á gbọ́ òórùn náà, wọn á sì wá. Àwọn onímọ̀ ti ṣe irú òórùn yìí sínú ike kékeré, wọ́n ń fi í sínú pàkúté. Bí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ bá gbé e kọ́ sí oko yín, iye tó bá kó síbẹ̀ ni yóò sọ bóyá kòkòrò ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n pàkúté kò lè mú kòkòrò tí kò fò. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ni èyí fẹ́ràn láti fò. Bí ọyẹ́ bá mú, ara rẹ̀ á wúwo. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, á fara pamọ́. Afẹ́fẹ́ ni ó sì ń gbé òórùn lọ. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá, òórùn kò ní lọ jìnnà. Bí ìjì bá ń jà, á fọ́n ọn ká. Atẹ́gùn jẹ́jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn ló dára. Bí ooru bá wá pọ̀ jù, òórùn inú ike á yára tán. Pàkúté á ṣì wà lórí igi, kò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí pàkúté tó ṣófo ní ọ̀sẹ̀ òjò, ẹ má sọ pé kòkòrò ti lọ. Èyí tó ti wà nínú àká ń jẹ tirẹ̀ lọ, òjò kò kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ mú ìwé kékeré kan: ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ òjò tàbí ọyẹ́, ẹ kọ iye kòkòrò.

Ẹ má gbé pàkúté sí ẹ̀gbẹ́ àká o. Ẹ̀ ń pe olè wá sílé nìyẹn. Kó jìnnà tó mítà 100. Kò sì lè pa wọ́n tán. Ìròyìn ni ó ń mú wá. Bí iye wọn bá ń pọ̀ sí i, ẹ yin àgbàdo kúrò lára ṣùkù, nítorí ibẹ̀ ni ó ti rọrùn fún kòkòrò yìí láti gbẹ́ ẹ. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ dà á sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ sì so ẹnu rẹ̀ le.