Ìsọ̀yè Inú Ìgò: Ṣé Ó Yẹ Ká Po Choline Pọ̀ fún Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣèdánwò?

Láyé àwọn baba wa, ìsọ̀yè ni òbí máa ń wá fún ọmọ tí ìwé kì í tètè yé. Lónìí, inú ìgò ni ọ̀pọ̀ ti ń wá a. Bí ìdánwò BEPC tàbí BAC bá ti ń sún mọ́lé, kò sí òbí kan ní Diabo, nítòsí Bouaké, tí kò ní fẹ́ kọ́mọ òun yege. Bẹ́nì kan bá wá sọ pé citicoline ló ń jẹ́ kéèyàn rántí nǹkan, tẹ́lòmíì ní Alpha-GPC ni, tẹ́nì kẹta ní kẹ́ ẹ po méjèèjì pọ̀, kí lẹ máa ṣe?

Kí tiẹ̀ ni choline? Èròjà inú oúnjẹ ni. Ara wa máa ń fi ṣe acetylcholine, tí ọpọlọ ń lò tá a bá ń rántí nǹkan tàbí tá a bá ń pọkàn pọ̀. Lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà sọ iye tó yẹ kéèyàn máa jẹ lóòjọ́: mílígíráàmù 375 fún ọmọ ọdún 9 sí 13. Fún ọmọ ọdún 14 sí 18, ó jẹ́ 400 fún obìnrin àti 550 fún ọkùnrin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹyin ńlá kan ní nǹkan bíi mílígíráàmù 147. Citicoline tí wọ́n kọ 500 sí lára ní bíi 100 péré, torí pé choline nìkan kọ́ ló wà nínú ẹ̀. Alpha-GPC tó jẹ́ 300 ní bíi 120. Ìyẹn ni pé kò sí èyí tó tó ẹyin kan nínú méjèèjì!

Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe nípa wọn, àgbàlagbà tó ń gbàgbé nǹkan tàbí ẹni tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. A ò lè fìyẹn ṣèlérí fún ọmọ tára ẹ̀ le, tó sì ń jẹun dáadáa.

Téèyàn bá wá ń po oògùn pọ̀ ńkọ́? Orí lè máa fọ́ ọmọ náà, inú lè máa rú u, oorun sì lè dá lójú ẹ̀. Bí choline bá pọ̀ jù lára, èèyàn lè máa làágùn, kó máa bì, kí ara ẹ̀ máa rùn bí ẹja, kí ìfúnpá ẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Tọ́mọ bá tún ń lo oògùn míì, ẹ má fún un ní nǹkan kan láìjẹ́ pé ẹ bi dókítà tàbí apòògùn. Ẹ kó gbogbo ìgò náà dání lọ.

Kí lẹ wá lè ṣe? Bó bá jẹ́ atiéké lọmọ fẹ́ jẹ, ẹ jẹ́ kí ẹja wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣu ni, ẹ fi ẹyin sí i. Ẹ̀dọ̀, sóyà àti ẹ̀pà náà dáa. Ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa, torí pé ọ̀dọ́ nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Kó sì máa kàwé lójoojúmọ́, kó má dìgbà tí ìdánwò bá ku ọ̀la. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.

Ẹ̀yin òbí, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ìgò méjì yẹn, ẹyin mélòó ló máa rà?