Olórin Tí Kò Ní Bàbá Ìsàlẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kan gbogbo ilé tí ó ní ọmọ tí ń kọrin. Ọ̀dọ́langba kan wà, ó ní ohùn, ó ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan tí ń gbé orin jáde. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sanwó ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni ó ń gbé orin náà kiri ilé-iṣẹ́ rédíò, òun náà ni ó sì ń bẹ àwọn akọ̀ròyìn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dárúkọ òun. Ó di ọjọ́ kan, orúkọ rẹ̀ wọ ìdíje. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ọmọ yìí kò ní sinmi mọ́: ‘Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìbò fún mi.’ Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tí ìbò náà ń wọ̀n ní ti gidi, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ ń lọ.

Ìdíje kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn tí wọ́n ti gbọ́ ìjálá lóde ọdẹ mọ̀ pé bí oníjálá kan bá ṣi oríkì pè, ẹlòmíràn yóò gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, yóò sì tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni ó ń ṣe adájọ́ níbẹ̀. Ní òde àríyá ẹ̀wẹ̀, ẹni tí orin bá wọ̀ lára yóò dìde, yóò jó dé iwájú olórin, yóò sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ìbò ni èyíinì náà, bí a bá rò ó dáadáa. Gbogbo ojú rí ẹni tí ó dì í. Olórin rí i, ó sì fi oríkì baba rẹ̀ dá a lóhùn. Owó náà kò sì yà síbì kankan kí ó tó dé ọwọ́ olórin àti àwọn onílù rẹ̀. Èmi kò sọ pé kò ní àbùkù o. Olówó ń dìbò ju tálákà lọ níbẹ̀, olórin púpọ̀ ni ó sì ti tìtorí èyí fi ọgbọ́n orin sílẹ̀ tí ó ń ka orúkọ àwọn ọlọ́lá bí ẹni ń ka ìwé orúkọ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí owó gbà.

Nígbà tí tẹlifísọ̀n dé sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, kò pẹ́ tí ìdíje fi wọ inú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, a ṣe ìdíje fún àwọn ẹgbẹ́ olórin jùjú ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, a gbé e sáfẹ́fẹ́, ẹgbẹ́ I. K. Dairo ni ó sì borí. Ní ọdún 1963 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Dairo ní oyè MBE. Ní ayé ìgbà náà, iṣẹ́ òǹwòran ni kí ó wò. Fóònù ni ó yí ìyẹn padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò Pop Idol ní ọdún 2001, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2002, nígbà tí ó sì di 2007, Idols West Africa dé ọ̀dọ̀ wa. MTN Project Fame West Africa tẹ̀ lé e ní 2008. Ẹni tí ó jókòó sílé tí ó mú fóònù dání wá di adájọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìdájọ́ rẹ̀ so. Timi Dakolo ni ó gba ipò kìíní ní ọdún 2007, Omawumi sì gba ipò kejì. Lónìí, ẹni tí ó bá pe Omawumi ní ẹni ẹ̀yìn nínú orin ilẹ̀ wa yóò wá ibi sá sí. Iyanya borí ní ọdún 2008, síbẹ̀ òkìkí rẹ̀ kò kàn tó bẹ́ẹ̀ títí orin Kukere fi jáde ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ìbò ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orin ni ó gbé wọn wọlé.

Èyí tí ó la ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ Headies. Ní ọdún 2006 ni wọ́n dá àmì-ẹ̀yẹ yìí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn rẹ̀ ń jẹ́ Next Rated, èyí tí ó wà fún ọ̀dọ́ olórin tí ìràwọ̀ rẹ̀ ń yọ bọ̀, wọn a sì máa fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tì í lẹ́yìn. Ìbò aráyé ni wọ́n fi ń mú ẹni tí yóò gbà á. Ayẹyẹ ti ọdún 2015 bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2016, ní Èkó. Reekado Banks, ọmọ ilé-iṣẹ́ Mavin, ni ìbò gbè. Inú Olamide, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ YBNL, kò dùn sí i, nítorí pé Lil Kesh ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn olùdíje, kò sì sí àdúgbò tí a kò ti jó Shoki tí ọmọ náà kọ. Olamide gun orí pèpéle, ó sọ̀rọ̀ líle. Don Jazzy, ọ̀gá Mavin, dá a lóhùn láti orí pèpéle kan náà. Ni ọ̀rọ̀ bá di ìjà orí Twitter. Ó gba ọjọ́ díẹ̀ kí Olamide tó tọrọ àforíjì, tí wọ́n fi parí ìjà.

Ta ni ó jàre? Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gba ojú ọ̀nà èdè lọ síbẹ̀. Kí ‘ìbò’ tó di ọ̀rọ̀ òṣèlú, ọ̀rọ̀ àwọn babaláwo ni. Ìbò ni owó ẹyọ àti egungun tí a fi ń béèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́wọ́ Ifá. Ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń bi Ifá, kí babaláwo tó dá a. Ìbò tí a kò bi ní ìbéèrè kò lè fún ni ní èsì. Bí ẹ bá fi ojú yìí wo ìjà Headies, ẹ óò rí i pé ìbéèrè méjì ni àwọn ọ̀gá méjèèjì gbé lọ́wọ́. Ìbéèrè Olamide ni pé: orin ta ni ó rìn jìnnà jù láàárín ìlú? Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi ìbò ni pé: àwọn wo ni wọ́n dìde tí wọ́n lọ dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ọmọdé tí ń jó Shoki ní ìdíkọ̀ kò dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ó ti jó tán, ó sì rò pé òun ti ṣe ti òun. Ní tèmi o, ìbò náà kò parọ́. Ìbéèrè tí a bi í ni ó dáhùn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọmọ òrukàn nínú àwọn méjèèjì yìí. Bàbá ìsàlẹ̀ wà fún Reekado Banks, ó wà fún Lil Kesh. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó lè ké sí láàárín wákàtí kan. Olórin adádúró ní ìyá rẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé-ìwé. Bí ìdíje bá gbára lé ìbò nìkan, iye ènìyàn tí ó wà lẹ́yìn olórin kí ó tó ya ẹnu rẹ̀ ni a ń kà.

Àwọn ará Yúróòpù, tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje Eurovision láti ọdún 1956, ti bá ìṣòro yìí wọ̀yá ìjà. Wọ́n lo ìdájọ́ àwọn adájọ́, wọ́n lo ìbò fóònù, nígbà tí ó sì di ọdún 2009, wọ́n pín àṣekágbá sí méjì ọgbọọgba: ìdajì fún àwọn tí ó mọ iṣẹ́ orin, ìdajì fún ará ilé. Ní ọdún 2023, ará ilé fún Käärijä ọmọ Finland ní máàkì 376, wọ́n fún Loreen ọmọ Sweden ní 243. Àwọn adájọ́ fún Loreen ní 340, wọ́n fún Käärijä ní 150. Loreen ni ó borí pẹ̀lú 583 sí 526. Ọ̀pọ̀ bínú. Ṣùgbọ́n èsì méjèèjì wà níta gbangba, ẹnikẹ́ni sì lè rí ibi tí adájọ́ àti ará ilé ti pínyà. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo lè sanwó ìbò tí ó tó 20 títí di ọdún 2025, kí àwọn olùṣètò tó kéde pé àwọn yóò dín in kù sí 10.

Ìyẹn gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ owó. Ìdíje kéékèèké pọ̀ láàárín wa níbi tí iye kan wà lórí ìbò kọ̀ọ̀kan, tí ènìyàn sì lè ra iye tí ó bá wù ú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kí a ní ìbò kan jẹ́ ₦50, kí 200 ènìyàn sì ra mẹ́wàá mẹ́wàá nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ọmọ wa. ₦100,000 ni ó ti jáde nínú àpò àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn. Bí kò bá gba ipò kìíní, kọ́bọ̀ kan lè má kàn án níbẹ̀, nígbà tí owó kan náà ìbá ti tó o gba ohùn sílẹ̀ tàbí kí ó fi san owó àwọn onílù. Owó tí à ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin ní òde àríyá ti wá ń lẹ̀ mọ́ iwájú ẹlòmíràn.

Ní ti àwọn oníròyìn, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìròyìn ni iṣẹ́ wọn. ‘Ẹ dìbò fún mi’ kì í ṣe ìròyìn, nítorí gbogbo olùdíje ni ó ń sọ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2016 tí mo mẹ́nu bà, ariwo ìjà àwọn ọ̀gá ni ó gba ẹnu ayé kan. Orin àwọn ọmọ méjèèjì kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀. Olórin tí ó bá lè sọ ìtàn orin rẹ̀ ní gbólóhùn méjì, kí àwo náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni akọ̀ròyìn yóò rí ohun kọ nípa rẹ̀. Beautiful Nubia, tí ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ń fi ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀ gbé orin jáde láti ọdún pípẹ́, ó sì ní àwùjọ tí ń tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni ó kó wọn jọ.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín bá gbé fọ́ọ̀mù ìdíje wálé, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ kà á kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹ wo iye ìbò tí ẹnì kan lè dì, ìpín tí ó jẹ́ ti àwọn adájọ́, àti ẹni tí yóò rí iye náà nígbà tí wọ́n bá kà á. Ẹ wá wo ẹ̀bùn náà dáadáa. Ní ìdíje mìíràn, ìwé àdéhùn wà nínú ẹ̀bùn tí ẹni tí ó borí yóò gbà: yóò máa kọrin fún ilé-iṣẹ́ kan fún iye ọdún kan, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì ní ìpín nínú ohun tí ó bá kọ. Ó lè dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń bẹ gbogbo ayé kí ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lè fi ìbò yín ra ọ̀gá. Ẹ fi ìwé náà han agbẹjọ́rò kí ọjọ́ ìdíje tó pé, nítorí lẹ́yìn tí ìlù bá ti dún tí wọ́n sì ti pe orúkọ, kò sí ẹni tí yóò dúró ka ìwé lórí pèpéle.

Ó dìgbà kan ná.