Ẹni Tó Di Wáyà Mú

Odò Ọ̀pàrà ló pààlà sáàárín ilẹ̀ Kaboua ní Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ọmọ Ṣàbẹ́ tó bá sún mọ́ ààlà náà mọ ohun tí fóònù máa ń ṣe níbẹ̀: ẹsẹ̀ wà lórí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Nàìjíríà ti wọlé. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sún sẹ́yìn díẹ̀, yóò tún pe ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ ọmọ ogun kò gbọdọ̀ ṣìnà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ sétí ọ̀tá lè pa odidi ikọ̀. Ìdí nìyẹn tí bárékè fi ní àwọn oníwáyà, àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́, kí èsì padà wá, kí ẹlòmíràn má sì gbọ́.

Faransé ń pè wọ́n ní transmissions, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ náà nìyẹn, torí àpẹẹrẹ Faransé ni Dahomey, orúkọ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, fi dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960. Lódì kejì odò, signals ni wọ́n ń pè wọ́n bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì sọ ẹ̀ka náà di ti ara rẹ̀ ní 1920, Faransé ní 1942. Ṣáájú ìgbà náà, abẹ́ àwọn ọmọ ogun tó ń la ọ̀nà, tó ń kọ́ afárá, ni wọ́n wà.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ìlàrí tí wọ́n fá irun rẹ̀ lápá kan, ohùn Aláàfin ló ń gbé kiri. Bí wọ́n bá sì fi ẹyọ owó mẹ́fà pa àrokò, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yóò gbọ́ “ẹ̀fà” nínú rẹ̀, yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ fà sí òun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, owó lásán ló rí. Kóòdù ọmọ ogun kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé tiwọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu jù. Rédíò kékeré tí jagunjagun ń gbé kọ́ èjìká fẹ́ kí ojú ó rí ojú. Bí àpáta ńláńlá Ṣàbẹ́ bá dábùú àárín ẹni méjì, ohùn yóò kọlu òkúta, yóò sì kú síbẹ̀. Ṣe ni wọ́n máa gbé ẹ̀rọ kan gun orí òkè, kó máa gbà á níhìn-ín, kó máa jù ú sọ́hùn-ún. Ọ̀nà jíjìn, bíi Kútọnu sí Pàràkú, ń fẹ́ irú ìgbì mìíràn, èyí tó ń fò lọ sókè réré tó sì ń ta padà sílẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Òun náà ní ìwà tirẹ̀: ìgbì tó ń gbé ohùn geere lọ́sàn-án lè sọnù lálẹ́, torí ibi tó ti ń ta padà lókè ń yí pẹ̀lú oòrùn. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ ìgbì náà. Bátìrì tún ń bẹ níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń bẹ, eriali tí ìjì wó ń bẹ, àti ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo ìpè sí pẹ̀lú aago rẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó ń rántí àwọn nǹkan wọ̀nyí àfi lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́.

Ní Burma lọ́dún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wọ àfonífojì Kaladan. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù nínú igbó náà, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Bí rédíò bá dákẹ́, ebi dé nìyẹn. Aláǹtakùn ni àmì tó wà lára aṣọ wọn. Mi ò tíì rí àmì tó bá àwọn oníwáyà mu tó bẹ́ẹ̀.

Èèyàn tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí ní agbègbè wa ni Murtala Muhammed. Catterick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ ọ, ó ṣe é ní Kóńgò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì di Ọ̀gá Àyẹ̀wò ẹ̀ka náà ní Nàìjíríà. Owó ẹ̀rọ tí ẹ̀ka yẹn jẹ iléeṣẹ́ ITT, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, ló kọ́kọ́ da òun àti M.K.O. Abíọ́lá tó ń bá ITT ṣiṣẹ́ pọ̀, ìjà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1975 Murtala di olórí ìjọba. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, wọ́n pa á nínú mọ́tò rẹ̀ l'Ékòó. Dimka tó ṣáájú àwọn tó dìtẹ̀ náà gba iléeṣẹ́ rédíò, ó kéde kónílé-ó-gbélé láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìyẹn lójú ọ̀sán gangan! Lẹ́yìn náà ló lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí wọ́n bá òun pe Gowon, olórí ìjọba tí Murtala rọ́pò. Ọkùnrin tó ṣáájú àwọn tó pa ọ̀gá oníwáyà ń tọrọ wáyà lọ́wọ́ àlejò.

Ní Kútọnu náà, ọ̀rọ̀ rédíò kò gbẹ́yìn. Nígbà tí Bob Denard àti àwọn ajagun-gbowó rẹ̀ já bọ́ sí pápákọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1977, wọn ò gba rédíò. Ààrẹ Kérékou sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kò sì pẹ́ tí àwọn àlejò ọ̀ràn náà fi sá padà wọ ọkọ̀ wọn, tí wọ́n sì gbàgbé ìwé àṣírí wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn sójà tó fẹ́ lé Ààrẹ Talon kúrò fara hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì ṣú tí ìjọba fi ní ọwọ́ òun ti ká wọn.

Ibi tí ìṣòro wà báyìí ni òkè àríwá lọ́hùn-ún, ní Alibori. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pa ọmọ ogun Bẹ̀nẹ̀ 54 ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2025, nítòsí ààlà Niger àti Burkina Faso. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀dùn ọkàn agbẹnusọ ìjọba ni pé kò sí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ láti òdì kejì. Ará Kaboua lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìkọjá Ọ̀pàrà nígbàkigbà tó bá wù ú. Ọmọ ogun tó wà ní Alibori, tó ní eriali tó ga ju ilé lọ, ohùn rẹ̀ ń kọjá ààlà dáadáa. Ẹni tí yóò dáhùn ni kò sí.