Ara Ta Ni Ọmọ Wa Yóò Fi Kọ́ Iṣẹ́ Ìṣègùn?

Bí a bá ti péjọ ní ọjọ́ àjọ̀dún ilé-ìwé wa, àdúrà kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn òbí: kí Ọlọ́run sọ ọmọ wọn di dókítà. Àmín ni gbogbo wa ń ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn àdúrà náà tí a kì í sábà bi ara wa: ara ta ni ọmọ náà yóò fi kọ́ṣẹ́? Kò sí onígbàjámọ̀ tí kò fi orí ẹnìkan kọ́ fífá. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí dókítà tí ó ti inú ìwé nìkan mọ ara ènìyàn.

Ọ̀nà mẹ́rin ni dókítà ń gbà yẹ ara wò: ó ń fi ojú wò ó, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń fi ìka lù ú, ó sì ń fi etí gbọ́ ọ. Leopold Auenbrugger, ọmọ onílé-èrò kan ní ilẹ̀ Austria, ni ó kọ ìwé lórí fífi ìka lu àyà ní ọdún 1761. Àyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ a máa dún bí akèrègbè òfìfo. Bí omi bá dúró síbẹ̀, ohùn náà a kú. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò gbọ́ ohùn àyà tí ó dá ṣáṣá rí yóò ṣe mọ èyí tí ó ṣàìsàn? Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi nílò ara àwa tí ara wa le.

Láti ọdún 1948 tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni púpọ̀ nínú àwọn dókítà wa ti kọ́ṣẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláìsàn náà. Síbẹ̀, ẹni tí inú ń run kò lágbára kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá máa tẹ ikùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú a sì máa tì í láti sọ pé ọwọ́ wọn wúwo. Ní ọdún 1963, ní Los Angeles, Dókítà Howard Barrows kọ́ obìnrin kan tí ara rẹ̀ le láti ṣe bí aláàrùn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì sọ bí wọ́n ti ṣe sí i. Láti ìgbà náà ni àṣà yìí ti tàn káàkiri.

Kí ni olùyọ̀ǹda ara ẹni ń ṣe? Yóò dùbúlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fọ ọwọ́, yóò sọ orúkọ rẹ̀, yóò sì tọrọ àyè. Yóò ka ìlù ọkàn, èyí tí ó máa ń wà láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan fún àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Yóò ní kí ó mí sínú gidigidi, kí ẹ̀dọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ pàdé ìka òun lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣe iyebíye jù lọ: “Ọwọ́ rẹ tutù,” tàbí, “O kò sọ ohun tí o fẹ́ ṣe kí o tó fọwọ́ kàn mí.” Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ èyí lónìí kò ní dẹ́rù ba aláìsàn lọ́la.

Àwọn kan yóò bẹ̀rù ìtìjú. Ẹ̀rù náà tọ́, ṣùgbọ́n a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ó yẹ kí a ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún yín kí ẹ tó gbà. Kí ẹnì kẹta, bí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì, wà níbẹ̀. Kí a sì dáwọ́ dúró nígbàkigbà tí ẹ bá ní ó tó. Ẹ má ṣe fi í rọ́pò ìtọ́jú dókítà yín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ a máa ké sí aráàlú fún iṣẹ́ yìí; ẹ jẹ́ wọn lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí olùkọ́ bá tọrọ àyè lọ́wọ́ yín ní ilé-ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣègùn, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó kọ̀. Ará Samáríà nì ná òróró, ọtí wáìnì àti owó lórí ẹni tí kò mọ̀ rí. Wákàtí kan àti sùúrù díẹ̀ ni a ń bèèrè lọ́wọ́ wa. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò fi ara wa kọ́ṣẹ́; ara ẹlòmíràn sì ni ọmọ tiwa yóò fi kọ́ ọ.