Ta Ni Kó Dáhùn fún Bátìrì Tó Gbaná?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Dell kéde pé kí àwọn oníbàárà òun yọ bátìrì kúrò lára láptọ́ọ̀pù wọn, kí wọ́n dá a padà. Mílíọ̀nù 4.1 ni iye bátìrì náà. Oṣù méjì ṣáájú, láptọ́ọ̀pù Dell kan ti gbaná níbi ìpàdé kan ní Osaka, lórílẹ̀-èdè Japan, fọ́tò rẹ̀ sì ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Kí oṣù kẹjọ tó parí, Apple náà pe mílíọ̀nù 1.8 padà. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ThinkPad kan gbaná ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles. Lenovo àti IBM, àwọn tó ta ThinkPad, pe bátìrì 526,000 padà. Toshiba àti Fujitsu tẹ̀ lé wọn. Orúkọ ara láptọ́ọ̀pù yàtọ̀ síra o, ṣùgbọ́n Sony ló ṣe ohun tó wà nínú bátìrì gbogbo wọn.

Àtúnṣe láptọ́ọ̀pù ni iṣẹ́ mi n'Ìbàdàn, mo sì ti la irú bátìrì wọ̀nyí rí. Tẹ́ ẹ bá ṣí ike dúdú ẹ̀yìn rẹ̀, onírin róbótó mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án lẹ máa bá níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó sì gùn ní mìlímítà 65. Nínú rẹ̀, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni wọ́n ká pọ̀ bí ẹni ká ẹní, ike kan tí kò nípọn tó irun orí ló sì là wọ́n láàárín. Ike yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n fara kanra. Bí nǹkan bá lu ike náà, tí wọ́n fara kanra, ooru dé nìyẹn. Ooru á yọ́ ike tó kù, oje inú rẹ̀, tó tètè máa ń gbaná, á bẹ̀rẹ̀ sí jó, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì ràn. Ohun tí Sony sọ ni pé eruku irin tí ojú lásán kò lè rí ló wọ inú wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n.

Ẹ̀bi ta wá ni? Sony kò jiyàn pé eruku irin wà níbẹ̀, àmọ́ ó fi kún un pé lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ni bátìrì kàn máa ń kú bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, pé bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe to láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ wà lára ohun tó lè sọ ọ́ di iná. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí ṣájà ṣe ń fún bátìrì ní agbára, bí ooru ṣe ń ráyè jáde, gbogbo rẹ̀ ló kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra Dell kò bá Sony dúnàádúrà. Orúkọ tó rí lára páálí ló sanwó fún. Lójú tèmi, ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ sára ọjà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá oníbàárà lóhùn, kí òun àti ẹni tó bá a ṣe nǹkan inú rẹ̀ tó lọ pín ẹ̀bi láàárín ara wọn. Dell ṣe bẹ́ẹ̀: ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Sony náà jáde nígbà tó yá, ó ní òun á pààrọ̀ rẹ̀ káàkiri ayé. Gbogbo rẹ̀ já sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.6, Sony sì ya yen bílíọ̀nù 51 sọ́tọ̀ fún un.

Ẹni tó gbọ́ ìkéde ló jàǹfààní owó yẹn, ibẹ̀ ló sì ti ń dùn mí. Láptọ́ọ̀pù kì í kú sọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ọ́fíìsì kan l'Amẹ́ríkà á lò ó fún ọdún mélòó kan, á tà á lọ́pọ̀, á wọ kọ̀ǹténà, á di tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà, ibẹ̀ làwa náà ti ń lọ rà á. Latitude D600 àti D610 wà lára àwọn tí Dell pè padà, irú wọn sì kọjá lórí tábìlì mi. Mo máa ń dojú bátìrì wọn dé kí n ka ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ Dell, lẹ́yìn náà pé Japan ni wọ́n ti ṣe ohun inú rẹ̀, pé China ni wọ́n ti tò ó, lẹ́yìn náà sítíkà funfun tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wà. Nọ́ńbà yẹn lọ̀rọ̀ dá lé. Mo ti rí èyí tí wọ́n ha sítíkà rẹ̀ dànù pátápátá.

Àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tòde òní kì í lo onírin róbótó mọ́. Bátìrì tiwọn dà bí àpò fẹ́lẹ́, ó sì máa ń wú. Arábìnrin olùkọ́ kan gbé tirẹ̀ wá, bátìrì ti wú débi pé ike ìsàlẹ̀ ti ṣí. Mo pe ẹni tó tà á fún un lórí fóònù.

"Ọ̀gá mi, bí mo ṣe rà á ni mo ṣe tà á," ló wí. "Èmi kọ́ ni mo ṣe bátìrì."

Arábìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta wá ni kí n lọ bá?"

Mo ní kó bá ẹni tó tà á, kó má sì jẹ́ kó fi "bí mo ṣe rà á" lé òun lọ. Òfin ààbò oníbàárà Nàìjíríà ti ọdún 2018, tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, kò fi ẹrù ọjà eléwu mọ sórí ẹni tó ṣe é nìkan. Ó kan ẹni tó kó o wọ̀lú, ó kan ẹni tó ń pín in kiri. Ẹni tó kó kọ̀ǹténà dé lè tẹ nọ́ńbà ara bátìrì sórí fóònù kó fi wò ó bóyá wọ́n ti pè é padà, kó tó gbé e síta. Ní 2019, Apple pe bátìrì MacBook Pro oní-ínǹṣì 15 padà, àwọn tí wọ́n tà láàárín oṣù kẹsàn-án 2015 sí oṣù kejì 2017. Nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ní kéèyàn fi yẹ tirẹ̀ wò. Ẹni tó bá rí i pé tirẹ̀ wà níbẹ̀, kó pa á, kó má ṣe fi sí iná mọ́, kó má sì jù ú sínú pàǹtírí.

Mo wo risíìtì tí wọ́n já fún arábìnrin yẹn. Orúkọ láptọ́ọ̀pù àti iye owó nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ó yẹ kí nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù àti ti bátìrì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí nọ́ńbà fóònù oníbàárà sì wà nínú ìwé ẹni tó tà á, kí wọ́n lè pè é lọ́jọ́ tí ìkéde bá jáde.