Oúnjẹ Ṣáínà àti ti Íńdíà ní Ìkẹjà: Ṣé Onígbàgbọ́ Lè Jẹ Ẹ́?

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ará tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà láti Aláúsá dé Agídíngbì, Ọ̀gbà, Ọba Akran àti Agége ti ń bi wá ní ìbéèrè kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Arábìnrin kan sọ pé ọ̀gá òun níbi iṣẹ́, ẹni tó jẹ́ ọmọ Íńdíà, pe òun àti ọkọ òun wá jẹun nílé rẹ̀, òun kò sì mọ̀ bóyá kí àwọn lọ. Arákùnrin kan ní àwọn ọmọ òun kò jẹ́ kí òun gbádùn mọ́, wọ́n ní àfi kí òun mú àwọn lọ sí ilé oúnjẹ Ṣáínà tí àwọn máa ń rí ní GRA. Bàbá àgbà kan sì sọ fún wa ní tirẹ̀ pé ilé oúnjẹ tí wọ́n bá ti gbé ère sí, onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ gbé e yẹ̀ wò.

ÀWỌN ÀLEJÒ TÓ TI DI ARÁ ILÉ

Láàárín àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tó ń ṣàkóso Ìkẹjà nígbà náà, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ọdún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí Ìkẹjà fi di ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ìjọba kó wá sí Aláúsá. Níbi tí iṣẹ́ bá wà, ibẹ̀ ni àlejò ń wá. Àwọn oníṣòwò láti Hong Kong wá, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo tánganran àti ti irin sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹni tó bá ń wọ mọ́tò ní Ọ̀gbà mọ òpópónà Wempco. Orúkọ ilé-iṣẹ́ àwọn ọmọ Ṣáínà ni wọ́n fi ń pè é.

Àwọn ọmọ Íńdíà tiẹ̀ ti dé ṣáájú wọn. Láti ọdún 1923 ni ilé-iṣẹ́ Chellarams ti ń tajà ní Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama láàárín ọdún 1970 sí 1989 ló rántí olùkọ́ ọmọ Íńdíà tó kọ́ wa ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú lánàá ni à ń sọ. Aládùúgbò wa ni wọ́n, ibi tí èèyàn bá sì ń gbé ni yóò ti máa dáná.

Ọ TI Ń JẸ Ẹ́ TIPẸ́

Ẹni tó bá ní òun kò fẹnu kan oúnjẹ Ṣáínà tàbí ti Íńdíà rí, kí ó ronú dáadáa. Ìrẹsì dídín tí a ń sè síbi ìgbéyàwó, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà la ti rí i. Àwọn a máa lo ìrẹsì tó ti sùn mọ́jú, wọn a dín in lórí iná tó le pẹ̀lú ẹyin, àlùbọ́sà eléwé àti omi ẹ̀wà sóyà dúdú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, a fi kọ́rì sí i. Ìpapọ̀ èròjà ọbẹ̀ Íńdíà ni kọ́rì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló pò ó pọ̀ sínú agolo kan ṣoṣo fún títà. Atalẹ̀ pupa tó wà nínú rẹ̀ ló ń mú kí oúnjẹ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. A tún wá gé ẹ̀dọ̀ màlúù àti kárọ́ọ̀tì sí i. Ṣáínà fún un lórúkọ, Íńdíà fún un láwọ̀, àwa fún un ní ẹ̀dọ̀. Ẹ kò rí i pé irú wá, ògìrì wá ni!

Àwo ìpanu tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ síbi ìkómọ náà ńkọ́? Puff-puff tiwa wà níbẹ̀, samosa àwọn ará Íńdíà wà níbẹ̀, spring roll àwọn ará Ṣáínà náà sì wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń bára wọn gbé láìjà.

Ẹ wá wo Indomie tí àwọn ọmọ wa ń sunkún jẹ. Nudulu ni, oúnjẹ àtayébáyé ilẹ̀ Ṣáínà. Momofuku Ando, ẹni tí wọ́n bí ní Taiwan, ló ṣe irú èyí tí a ń fi omi gbígbóná sè kíákíá, ní ilẹ̀ Japan lọ́dún 1958. Indonéṣíà ni orúkọ Indomie ti wá. Tolaram, ilé-iṣẹ́ tí ìdílé ọmọ Íńdíà kan dá sílẹ̀, ló kó o wọ Nàìjíríà lọ́dún 1988, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí Agége rárá.

BÍ Ẹ BÁ DÉ ILÉ OÚNJẸ NÁÀ

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn ni yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Bí agbára yín bá ká a, kò burú kí ọkọ mú aya rẹ̀ àtàwọn ọmọ lọ tọ́ oúnjẹ mìíràn wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ṣe fújà. Àwọn ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí:

Lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, àárín tábìlì ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀ sí, tí gbogbo ilé yóò máa bù ú sórí ìrẹsì funfun nínú àwo kékeré tiwọn. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kò nílò oríṣi oúnjẹ márùn-ún. Mẹ́ta lè tó. Bí ẹ kò bá mọ igi tí wọ́n fi ń jẹun lò, ẹ béèrè ṣíbí, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Oúnjẹ àwọn tó wá láti ìhà Hong Kong kì í ní ata púpọ̀, ṣùgbọ́n ti Sichuan lè mú kí ẹnu ẹni tó ń jẹ ata rodo pàápàá kú tipiri.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà, ara yóò tètè tù yín, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun bíi tiwa. Dal wọn jọ gbẹ̀gìrì: ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè títí ó fi yọ́. Vada wọn jọ àkàrà, àmọ́ ó ní ihò láàárín. Naan jẹ́ búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ààrò amọ̀ títí ó fi jinná. Ẹni tí dókítà bá ní kí ó dín ẹran kù yóò rí oúnjẹ gidi jẹ níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ ẹran rárá.

Àwọn àgbà wa ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ béèrè kí ẹ tó jẹ. Ẹni tí ẹ̀pà, edé tàbí ẹyin bá ń bá jà, kí ó sọ fún agbóúnjẹ kí wọ́n tó gbé e ka iná. Àwọn ará Ṣáínà a máa fi ọtí ìrẹsì sí ọbẹ̀ mìíràn, wọ́n sì fẹ́ràn ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyíkéyìí nínú wọn, kí ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́. Wọn yóò se èyí tí kò ní i.

Ọ̀RỌ̀ ÈRE ŃKỌ́?

A kò fojú kéré ohun tí bàbá wa sọ. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń gbé ojúbọ kékeré sí inú àwọn ilé oúnjẹ Ṣáínà mìíràn, pẹ̀lú ọsàn àti tùràrí níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Òun náà là ń bi ara wa bí aládùúgbò bá gbé ẹran Iléyá wá, tàbí bí mọ̀lẹ́bí bá bu oúnjẹ ọdún egúngún ránṣẹ́.

Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí jẹ́ ìlú èbúté bí Èkó, tó kún fún èèyàn oríṣiríṣi àti ojúbọ oríṣiríṣi. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 8 àti orí 10, ó fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí wọ́n jẹ ẹ́ láì máa wádìí nítorí ẹ̀rí ọkàn, nítorí ti Olúwa ni ayé. Bí aláìgbàgbọ́ bá pe wọ́n wá jẹun tí wọ́n sì fẹ́ lọ, kí wọ́n jẹ ohun tó bá gbé síwájú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ gbangba pé ohun tí a fi rúbọ nìyí, kí wọ́n má jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹni tó sọ ọ́. Kò sì fẹ́ kí ẹni tó ní ìmọ̀ fi ìmọ̀ náà mú arákùnrin aláìlera kọsẹ̀.

Ìmọ̀ràn yìí bá tiwa mu gẹ́lẹ́. Oúnjẹ tí wọ́n sè fún títà nílé oúnjẹ, oúnjẹ títà ni. Ọsàn tó wà níwájú ère kọ́ ni wọ́n bù sínú àwo yín. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní oúnjẹ kan tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé síwájú òrìṣà wọn kí wọ́n tó pín in fún èèyàn. Prasad ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni tó gbé e wá bá sọ fún yín pé òun nìyí, ẹ fi ẹ̀rín músẹ́ dúpẹ́, kí ẹ sì yàgò fún un. Bí bàbá àgbà kan bá sì wà nínú ilé yín tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ẹ má fi agbára mú un lọ, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ọmọ Íńdíà ló ń bọ̀rìṣà. Àwọn onígbàgbọ́ Kerala, ní gúúsù Íńdíà, gbà pé Àpósítélì Tọ́másì fúnra rẹ̀ ló mú ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún 52. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù onígbàgbọ́ ló wà ní Ṣáínà náà. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ẹ ń sá fún ti ń gbàdúrà sí Ọlọ́run yín kí ẹ tó dé.

OHUN TÍ ỌLỌ́RUN Ń WÒ

Èyí ni ìdáhùn wa fún arábìnrin tí ọ̀gá rẹ̀ pè. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 10. Ebi ń pa Pétérù lórí òrùlé ní Jópà, Ọlọ́run sì fi ẹran tí kò jẹ rí hàn án nínú ìran. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ohùn náà fọ̀, Pétérù kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ibi tó ti ń rò ó ni àwọn tí Kọ̀nélíù rán ti dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó wọ ilé ọkùnrin náà ló tó yé e: èèyàn ni Ọlọ́run ń bá a sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ni ó fi la ọ̀nà.

Nítorí náà, arábìnrin wa, máa lọ pẹ̀lú ọkọ rẹ. Ẹ gbàdúrà lórí oúnjẹ yín láìbẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin náà pe ọ̀gá yẹn wá sílé yín, nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì ṣe rí. A ti bá àlejò ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, a ń pè é ní «Ṣáínà» tàbí «Íńdíà» lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ lórúkọ, kò sì fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà wa. Léfítíkù 19:33-34 pàṣẹ pé kí a fẹ́ àlejò tó ń gbé láàárín wa bí ara wa. Òun náà kò ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ní Ìkẹjà.

Kí ẹ tó dáná dè é, ẹ béèrè ohun tí kì í jẹ. Ẹlẹ́sìn Híńdù kì í sábà jẹ ẹran màlúù. Mùsùlùmí Íńdíà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Bí kì í bá jẹ ẹran rárá, ẹ ṣọ́ra fún edé àti ẹja gbígbẹ nínú ọbẹ̀, kódà ẹ ṣọ́ra fún omi ẹran. Àkàrà, dòdò, ẹ̀wà àgànyìn àti gbẹ̀gìrì tí a kò fi edé sí yóò bá a lára mu. Ẹni tí a tọ́jú ẹnu rẹ̀ báyìí yóò mọ̀ pé a rí òun bí èèyàn. Lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú ní ilẹ̀ àjèjì yìí, yóò mọ ilé tí òun lè kanlẹ̀kùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌDÍLÉ

1. Àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè wo ló wà níbi iṣẹ́ wa tàbí ní àdúgbò wa? Ǹjẹ́ a mọ orúkọ rẹ̀?
2. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ tí ẹ̀rí ọkàn wa kò gbà wá fún wa, báwo ni a ṣe lè kọ̀ ọ́ láì kọ ẹni tó gbé e wá?
3. Ọjọ́ wo ni a óò pe àlejò náà wá jẹun?

Kí Olúwa bùkún oúnjẹ wa àti omi wa, kí ó sì fún wa ní ọkàn tó lè fún àlejò láyè lórí ẹní. Àmín.