Nígbà Tí Inú Bá Ń Yọ Ọmọ Ológbò Lẹ́nu

Ìdí-Àràbà, ní ààlà Mùṣín òun Sùúrùlérè, kì í ṣe ibi tí ó rọrùn láti gbé láìní ológbò. Gọ́tà wà níwájú ilé, ọjà kò jìnnà, ilé fara kan ilé, èkúté sì mọ ọ̀nà inú àjà ju onílé lọ. Àwọn àgbà ti wí pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Láti ọdún 1969, tí a kọ́kọ́ rí ibà Lassa ní ìlú kékeré tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, a ti wá mọ̀ pẹ̀lú pé irú èkúté kan a máa fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ gbé ikú wọ inú ilé. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín pé, Ológbò kẹ̀?

Ọmọ ológbò tí a mú wálé ní àná, tí àwọn ọmọdé ti sọ lórúkọ, a máa kú kí oṣù tó parí. Ẹlòmíràn a ní ayé ni ó ṣe é. Ẹlòmíràn a ní ológbò kì í bá ilé òun mu. Lójú tiwa, inú ni ó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn: ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, títí omi ara yóò fi tán, tí ẹni tí ó ni ín kò sì mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ilé Ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó wà ní Ìdí-Àràbà níhìn-ín láti ọdún 1962, ṣùgbọ́n ènìyàn ni a kọ́ ọ fún. Oníṣègùn ẹranko ni ológbò ń fẹ́. Wọ́n wà ní Èkó, Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú sì ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ti ẹranko. Ohun tí a ń kọ yìí kò lè gba ipò wọn; ó wà fún wákàtí tí a kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ikú fi ń yá tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ológbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó lè má tíì tó ìdajì kílò. Omi mélòó ni ó wà nínú irú ara bẹ́ẹ̀? Ìgbẹ́ gbuuru tí àgbà ológbò yóò fara dà fún ọjọ́ mẹ́ta lè pa ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àwọn kan a máa fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè láti wò ó bóyá yóò tètè padà. Èyí dára fún àgbà, ṣùgbọ́n awọ ọmọ kékeré a máa tanni jẹ. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè kí ẹ wo èrìgì rẹ̀: ó yẹ kí ó tutù, kí ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí ó bá gbẹ, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, tàbí tí ó funfun, kò sí àyè fún ìdúró mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí èébì kò bá dá, tàbí bí ó bá kọ oúnjẹ tí ó sì kàn sùn sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Ìgbóná ni. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò lè pa ara rẹ̀ mọ́ ní gbígbóná dáradára, bí ara rẹ̀ bá sì ti tutù, ìfun rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Ohun tí a bá rọ sí i lẹ́nu yóò dúró síbẹ̀, tàbí kí ó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má ṣe wí pé Èkó gbóná. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ní òru òjò kò gbóná. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e dáradára, ẹ gbé e sí apá kan nínú páálí, kí ẹ sì fi apá kejì sílẹ̀ kí ẹranko náà lè rí ibi sá sí bí ooru bá pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni omi oníyọ̀ àti ṣúgà, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá ti mọ̀ nítorí àwọn ọmọ tiwọn: lítà omi kan tí a sè tí ó sì ti tutù, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà tí a ré lórí dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí náà ní iyọ̀. Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, Dókítà Dilip Mahalanabis fi irú omi báyìí gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, nígbà tí omi tí a ń fi abẹ́rẹ́ fà sí ara tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣúgà ni ó ń mú iyọ̀ wọ inú ara láti inú ìfun, omi a sì tẹ̀ lé wọn. Ìfun ológbò kò yàtọ̀ sí tiwa nínú èyí. Ẹ̀kán ẹ̀kán ni kí a fún un, pẹ̀lú síríǹjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kí ó dojú bolẹ̀ lórí ikùn rẹ̀. A kò gbọdọ̀ dá a dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn bí ìkókó, a kò sì gbọdọ̀ rọ ọ́ ní àgbo. Kí a dà á nù bí ọjọ́ bá ti pé, kí a po òmíràn.

Ìyá kan ní òpópónà wa gbé ọmọ ológbò kan wá fi hàn wá, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, mo ń ṣìkẹ́ ẹ o, mílíìkì agolo ni mo ń fún un láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ó sì ń gbẹ ni.” A ní, “Ìyá, mílíìkì náà gan-an ni kí ẹ dá dúró.” Mílíìkì màlúù kì í ṣe ti ológbò. Ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí inú ọmọ ológbò lè dà lọ, ohun tí ń gbé ẹran ara ró nínú rẹ̀ kò sì tó. Èyí tí kò bá dà ni ó ń fa omi sínú ìfun, tí ìgbẹ́ fi ń ṣàn. Mílíìkì tí a ṣe fún ọmọ ológbò wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ẹranko. Ó wọ́n, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ológbò a máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ rírọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, nítorí náà ìnáwó náà kì í pẹ́. Ó sàn jù kí a má tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn tí ń gbé e kiri láti tà kì í fẹ́ gbọ́ èyí.

Bí kì í bá ṣe mílíìkì, ó lè jẹ́ aràn. Inú wàrà ìyá rẹ̀ gan-an ni aràn roboto ti ń wọ inú ọmọ, ikùn rẹ̀ a sì wú bí ìlù nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ. Oògùn aràn rẹ̀ wà, a sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni oníṣègùn yóò fi díwọ̀n rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tí ibà, èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń bá a rìn. Kò ní oògùn tí ń pa á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, tí a sì tún un gún, ni ààbò. Ilé tí ó bá ti pa ológbò kan, kí wọ́n má ṣe kánjú mú òmíràn wá, nítorí ó lè wà nílẹ̀ tó ọdún kan. Bílíìsì ìdá kan nínú omi ìdá méjìlélọ́gbọ̀n ni kí a fi fọ ilẹ̀, kí a sì ṣàn án kúrò. Izal àti Dettol kò dára ní ibi tí ológbò ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Májèlé ni wọ́n fún un.

Bí ó bá ń da itọ́, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó ń bì, tí ó sì ń yàgbẹ́, ẹ ronú bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé fi ọ̀tápíàpíà sílẹ̀ fún èkúté. Oògùn wà tí oníṣègùn lè gún un, bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Epo pupa tí a ń rọ sí i lẹ́nu kò gbà á. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó sábà ń lọ. Paracetamol, tí a ń fún ọmọ ènìyàn nítorí ibà, kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ológbò láé, bí ó ti wù kí ó kéré tó: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè sọ ọ́ di aláìlágbára. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe fún un ní oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró.

Kí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, pàápàá àwọn ọmọdé. Kí a máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kí aboyún má ṣe fọwọ́ kàn án rárá.

Nígbà tí èébì bá dá, kí a fún un ní adìyẹ sísè tí a lọ̀ kúnná, láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, nítorí àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Díẹ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré láràárọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ọmọ tí ara rẹ̀ ń yá yóò máa fi nǹkan bí 10 sí 15 gíráàmù kún ìwọ̀n rẹ̀ lójúmọ́. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò fi nǹkan kan kún un, ẹ gbé e padà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, kí ẹ sì bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ sínú agolo kékeré kan lọ́wọ́, nítorí yóò béèrè rẹ̀.